Kanazawa Ní Ìparí Ìgbà Ìwọ́wé

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ilẹ̀ Japan lákòókò tí ewé ń pọ́n, Kyoto ni gbogbo ayé máa ń darí rẹ̀ sí. Kyoto dára, kò sí iyèméjì níbẹ̀, àmọ́ tí Oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ débi pé ìpàkọ́ ẹlòmíì lẹ máa wò ju ewé lọ. Ìlú tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò wò ni Kanazawa, olú ìlú ìpínlẹ̀ Ishikawa, létí Òkun Japan. Wọ́n á ti kìlọ̀ fún yín pé òjò pọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé òjò yẹn gan-an ló yẹ kó gbé yín lọ, torí atẹ́gùn tó ń rù ú wá ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù lára ohun tó dára láti rí àti láti jẹ ní Kanazawa lákòókò náà.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ atẹ́gùn náà bẹ̀rẹ̀. Lápá ibi tiwa, tí Oṣù Kọkànlá bá ń lọ sópin, ọyẹ́ ti ń múra àtidé. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi ń la èèyàn létè, tó sì ń da eruku bo ojú ọ̀run. Lásìkò kan náà, Siberia nílẹ̀ Rọ́ṣíà ń rán atẹ́gùn tirẹ̀ sí Japan. Nígbà tí atẹ́gùn yẹn ń gbéra, ó tutù, ó sì gbẹ bí ọyẹ́. Ibi tó ń gbà kọjá ló fi yàtọ̀. Òkun ló máa gbà, nínú òkun náà, ìṣàn omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Tsushima, tó ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti gúúsù. Bí atẹ́gùn tútù náà ṣe ń fẹ́ kọjá lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa fa omi mu títí á fi yó. Nígbà tó bá fi máa gúnlẹ̀ sí Ishikawa, ẹrù ti pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn òkè ńlá sì ti dúró dè é lẹ́yìn ìlú. Hakusan wà lára wọn, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,702. Atẹ́gùn ò lè ru ẹrù yẹn gun òkè. Ibẹ̀ ló ti máa sọ ọ́ kalẹ̀: òjò ni nígbà tí òtútù ò tíì mú, yìnyín ni tó bá mú tán. Tokyo wà lódìkejì àwọn òkè, kí atẹ́gùn sì tó débẹ̀, ó ti gbẹ padà. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi máa ń ràn yòò ní Tokyo nígbà òtútù, tí Kanazawa á sì wà lábẹ́ ìkùukùu.

Oṣù Kejìlá ni òjò àti yìnyín ń pọ̀ jù lọ́dún ní Kanazawa, ìparí Oṣù Kọkànlá sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má rò pé àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni o. Láàárín wákàtí kan, oòrùn lè ràn, kí òjò wínníwínní tẹ̀ lé e, kí wóro yìnyín já lu òrùlé, kí òṣùmàrè sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé bí èèyàn bá tiẹ̀ gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílé, kó má gbàgbé agbòjò.

Ibùdókọ̀ ojú irin ìlú náà gan-an, òjò ni wọ́n fi sọ́kàn kọ́ ọ. Òrùlé gíláàsì ràgàjì kan bo iwájú rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ má bàa bọ́ sínú òjò. Ẹnubodè onígi kan wà níwájú òrùlé náà tí wọ́n ń pè ní Tsuzumi-mon, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 13.7, ọdún 2005 ni wọ́n parí rẹ̀. Ìlù tsuzumi tí wọ́n ń lù nínú eré Noh ni wọ́n fi òpó méjèèjì ṣàfarawé. Ọmọ Yorùbá tó bá rí tsuzumi á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, awọ wà lójú rẹ̀ méjèèjì, ọṣán so awọ méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń lù ú á sì máa fún ọṣán náà kí ohùn ìlù lè yí padà, bí onígángan ṣe ń ṣe.

Láti Tokyo, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá Shinkansen ń gbé èèyàn dé Kanazawa láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kẹta ọdún 2015 ni ojú irin náà dé ìlú yìí. Kó tó débẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti Tokyo gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà kó wọ ọkọ̀ míì. Ní báyìí, ẹni tó ń ti Osaka tàbí Kyoto bọ̀ ló ń sọ̀: á wọ ọkọ̀ ojú irin Thunderbird dé Tsuruga, á wá wọ Shinkansen láti ibẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo àkókò sí jù ni Kenrokuen, ọgbà tí ìdílé Maeda ṣe sí ìta ààfin wọn. Ọdún 1583 ni Maeda Toshiie wọ ààfin Kanazawa, àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ sì ń ṣàkóso agbègbè Kaga títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tí a bá yọ ti ìdílé Tokugawa tó wà lórí gbogbo ilẹ̀ Japan kúrò, kò sí ilẹ̀ olóyè tí ìrẹsì ń ti inú rẹ̀ jáde tó ti Maeda. Irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kó ìfura báni. Àwọn Maeda ò fi ra ohun ogun, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi ṣe: ọgbà, eré Noh, ìkòkò, aṣọ àti wúrà. Ìran ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ló ń ṣàfikún ọgbà náà, ó lé ní hẹ́kítà 11 báyìí, ọdún 1874 ni wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní yukitsuri. Orí igi páìnì kan tó ń jẹ́ Karasaki, létí adágún Kasumigaike, ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kóró igi náà wá láti Karasaki létí adágún Biwa, Maeda Nariyasu, olóyè ìkẹtàlá nínú ìdílé náà, ló ní kí wọ́n mú un wá gbìn. Òpó márùn-ún ni wọ́n máa ń nà ró sáàárín ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì ga ju igi náà fúnra rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ kan á gun òkè téńté òpó, á máa ju okùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì á ti dúró lórí àkàbà nísàlẹ̀, á gbá okùn mú, á fi díwọ̀n ibi tí ìwúwo ẹ̀ka wà, á so ó níbẹ̀, á sì fà á títí okùn á fi le dáadáa. Kò gbọ́dọ̀ dẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fa ẹ̀ka sókè kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí okùn 800 ló ń lọ sórí igi kan ṣoṣo yìí, koríko ìrẹsì gbígbẹ ni wọ́n sì fi hun ún. Tẹ́ ẹ bá dúró sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí i pé okùn kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tó lọ bá, kò sí èyí tó wà fún ọ̀ṣọ́.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà tó tó báyìí? Ẹ rántí atẹ́gùn tó yó fún omi. Yìnyín tó ń já bọ́ ní Hokkaido, lápá àríwá Japan lọ́hùn-ún, fúyẹ́, ó gbẹ, atẹ́gùn lè gbá a dànù. Ti Kanazawa lómi nínú, ó wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá bà lé. Igi tó ti wọ́wé ò níṣòro, yìnyín á bọ́ gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá. Páìnì kì í wọ́wé. Ewé rẹ̀ á gba yìnyín dúró, ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n sì ti fi ń tọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kó gùn, kó sì nà gbọọrọ sórí omi, ló mú kó rọrùn láti ya. Àwọn tó ń gbin ápù ti ń ta okùn báyìí kí èso má bàa fa ẹ̀ka ya; àwọn olùtọ́jú ọgbà ń ta á nítorí yìnyín. Iṣẹ́ yìí máa ń gbà wọ́n títí di àárín Oṣù Kejìlá, láti orí igi dé orí igi, àárín Oṣù Kẹta ni wọ́n sì tún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Èyí ló mú kí n fọwọ́ sọ̀yà pé ìparí Oṣù Kọkànlá dára ju ìgbà òdòdó lọ níbẹ̀. Àkókò kúkúrú kan nìyẹn tí igi momiji ń pọ́n fòò, tí okùn tuntun sì ti wà lórí páìnì pa pọ̀. Òkè kékeré kan wà nínú ọgbà náà tó ń jẹ́ Yamazakiyama, ibẹ̀ ni momiji pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń tò láti ya fọ́tò fìtílà olókùúta Kotoji tó lẹ́sẹ̀ méjì tí kò gùn dọ́gba. Ó lẹ́wà, ẹ yà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí àwọn òṣìṣẹ́ lórí àkàbà, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀, kẹ́ ẹ dúró wò wọ́n dáadáa. Fìtílà wà níbẹ̀ yípo ọdún. Ní àwọn alẹ́ kan nínú oṣù yìí, wọ́n máa ń tan iná sí ọgbà náà, ẹ sì lè wọlé lẹ́yìn tílẹ̀ bá ti ṣú.

Ohun kejì ni akàn. Ọjọ́ kẹfà Oṣù Kọkànlá ni òfin gbà kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa akàn zuwaigani lójú omi yìí. Ìsàlẹ̀ òkun tó jìn ju mítà 200 lọ ni akàn náà ń gbé, níbi tí omi ti tutù nini. Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù, ọjà Omicho láàárín ìlú ti kún fún un. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti ń ná ọjà yìí. Akọ akàn tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, orúkọ rẹ̀ ní Ishikawa ni kanō, wọ́n sì máa ń so àmì aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn lápá káwọn èèyàn lè mọ̀ pé ojúlówó ni. Owó rẹ̀ ga gan-an. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má rà á, àmọ́ èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ wá ni abo, tó ń jẹ́ kōbako. Ó kéré, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àtẹ́lẹwọ́, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti akọ. Agbára tí ì bá fi tóbi, ẹyin ló ń fi ṣe. Tí wọ́n bá ṣí ìgbá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí oríṣi ẹyin méjì: ọ̀kan wà nínú, ó pọ́n bí ọsàn, ó ki, ó sì dùn, èkejì wà lábẹ́ ikùn níta, wóróhóró, ó ń fọ́ pẹ́pẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó mọṣẹ́ á yọ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò ó sórí ẹyin náà padà sínú ìgbá. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń ta oden, ìyẹn oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń sè nínú omi ọbẹ̀ kan náà, máa ń fi ìgbá kōbako tó kún bẹ́ẹ̀ sínú ọbẹ̀. Kanazawa ni mo mọ̀ ọ́n mọ́.

Kí abo má bàa tán nínú òkun, ìgbà tí wọ́n ń pa á kúrú. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kejìlá ló ń parí, nígbà tí ti akọ ń lọ títí di Oṣù Kẹta. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: atẹ́gùn tó ń rọ̀jò yẹn náà ló ń ru ìgbì sókè. Lọ́jọ́ tí òkun bá ru, ọkọ̀ ò ní jáde, àtẹ akàn á sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kéèyàn ti Tokyo wá láàárọ̀ kó sì padà nírọ̀lẹ́. Ẹ sùn níbẹ̀, ó kéré tán fún òru méjì. Tẹ́ ẹ bá sì ra nǹkan jíjẹ nínú ọjà, iwájú ìsọ̀ tẹ́ ẹ ti rà á ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́ tán, wọn kì í fẹ́ kéèyàn máa rìn kiri ọjà pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

Ó ṣeé ṣe kí àrá jí yín lóru. Ẹ má bẹ̀rù. Lọ́dọ̀ tiwa, àrá àti òjò ló jọ ń rìn, tí ọyẹ́ bá sì ti dé, Ṣàngó á dákẹ́. Ní Kanazawa, àtìgbà tí òtútù bá dé ni àrá ń pọ̀ jù. Atẹ́gùn tútù òkè àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ló ń bá ara wọn jà lójú ọ̀run. Ọjọ́ tí àrá ń sán níbẹ̀ lọ́dún lé ní 40, kò sì sí ìlú ńlá míì ní Japan tó tó o. Inú àwọn apẹja máa ń dùn sí i. Wọ́n ní àrá yẹn ló ń jí buri, ẹja ńlá kan tó máa ń gba etíkun yìí wá láti àríwá lásìkò òtútù, tí ọ̀rá á ti kún ara rẹ̀. Nínú Oṣù Kọkànlá náà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta kaburazushi: wọ́n á la kabura, gbòǹgbò funfun roboto kan, sí méjì, wọ́n á ki buri oníyọ̀ bọ àárín rẹ̀, wọ́n á sì fi ìrẹsì tí wọ́n ti fi ìwúkàrà kōji sí bò ó mọ́lẹ̀ kó lè kan díẹ̀. Ó ní ìkan, ó ní adùn, ó sì dùn ún jẹ tútù.

Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń ṣàǹfààní fún iṣẹ́ míì tí ìlú yìí gbajúmọ̀ fún, ìyẹn wúrà lílù. Wọ́n á máa lu wúrà títí á fi fẹ́lẹ́ dé ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún mìlímítà. Bó bá ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù máa ń mú kó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti bébà. Ó lé ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún irú wúrà bẹ́ẹ̀ ní Japan tó jẹ́ pé Kanazawa ni wọ́n ti ń lù ú. Ẹ máa rí àwọn ìsọ̀ rẹ̀ ní Higashi Chaya, àdúgbò ilé onígi tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1820 fún àwọn geisha tó ń kọrin, tó sì ń jó fún àlejò. Àwọn òpópónà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì dúró torí pé bọ́ǹbù ò já lu Kanazawa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Nígbà tí òjò bá le, ẹ sá wọ musíọ̀mù iṣẹ́ ọnà ọ̀rúndún kọkànlélógún, ilé roboto onígíláàsì tí wọ́n ṣí lọ́dún 2004. Tó bá jẹ́ pé wínníwínní ló ń rọ̀, musíọ̀mù D. T. Suzuki ló yẹ kẹ́ ẹ lọ. Suzuki, tó fi ìwé rẹ̀ mú kí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ ẹ̀kọ́ Zen, Kanazawa ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1870. Omi pẹrẹsẹ kan wà nínú àgbàlá ibẹ̀, àga wà lábẹ́ òrùlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì lè jókòó pẹ́ tó bó ṣe wù yín kẹ́ ẹ máa wo bí òjò ṣe ń rọ̀ sínú omi náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí n gbójú fò. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 2024, ilẹ̀ mì tìtì ní Noto, ilẹ̀ gígùn tó yọ jáde sínú òkun ní àríwá Kanazawa. Agbára rẹ̀ jẹ́ 7.6. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú, iná jó àdúgbò ọjà òwúrọ̀ ìlú Wajima níbẹ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sì gbéra sókè láwọn ibì kan tó nǹkan bíi mítà mẹ́rin, débi pé omi fà kúrò ní àwọn èbúté tí ọkọ̀ ò sì lè jáde mọ́. Nínú Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, omíyalé tún jà wọ́n. Kanazawa fúnra rẹ̀ ò fara gbọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lára ògiri olókùúta ààfin rẹ̀ wó. Àwọn ìyá ọjà Wajima ti gbé àtẹ wọn lọ sí àwọn ìlú míì, títí kan Kanazawa, kí ọjà wọn má bàa kú. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀bùn, ẹ bi oníṣọ̀ọ̀bù léèrè ohun tó wá láti Noto: abọ́ onígi dídán ti Wajima, tàbí iyọ̀ Suzu tí wọ́n ń fi omi òkun tí wọ́n dà sórí iyanrìn ṣe. Abọ́ kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ wọn wúlò fún wọn ju kéèyàn lọ ya fọ́tò ilé tó wó.

Ní ti ìmúra, ẹ ti gbọ́dọ̀ gba físà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ní. Ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bíi díígírì 12, òru lè lọ sí 5. Ẹ wọ aṣọ lérí ara wọn kẹ́ ẹ lè máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ilé, bàtà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tómi ò lè wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ yín sì gbọ́dọ̀ mọ́, kó má sì lu, torí ẹ máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà níbi púpọ̀. Agbòjò olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn yẹn. Oòrùn máa ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, torí náà ẹ fi òwúrọ̀ sí ọgbà, kẹ́ ẹ fi alẹ́ sí oúnjẹ.

Tí ẹ bá lè yan ọjọ́, ẹ lọ láàárín ogúnjọ́ Oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá. Àwọn tó bá lè dúró di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá náà máa bá àwọn òṣìṣẹ́ ní Nagamachi, àdúgbò àwọn jagunjagun samurai àtijọ́, tí wọ́n ń so ẹní koríko mọ́ ara ògiri alámọ̀, kí omi yìnyín má bàa wọ inú amọ̀ kó sì bó o.